Àgbá Tí Kò Lóhùn

Ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n ẹ má sá, kò lè pa èèyàn. Gígùn rẹ̀ kò tó ti bírò tí ẹ fi ń kọ nóòtù.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan tó ń gbé ní Portsmouth, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi ránṣẹ́ sílé. Àwòṣe kékeré àgbá inú ọkọ̀ ogun ojú omi ayé àtijọ́ ni. Idẹ ni wọ́n fi ṣe àgbá náà, ó jókòó lórí igi tó ní ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mẹ́rin. Okùn tín-ín-rín wà lára rẹ̀, ọ̀pá tí wọ́n fi ń ki ẹ̀tù wà níbẹ̀, kódà garawa omi wà tí kò ju orí ìka lọ. Àwọn òyìnbó kan a máa kó irú rẹ̀ jọ, wọ́n á tò ó sórí pẹpẹ bí àwọn ìyá wa ṣe ń to abọ́ tánganran. Àwọn mìíràn á rà á láìtíì tò ó, wọ́n á wá fọwọ́ ara wọn tò ó pọ̀. Ní Ítálì, àwọn ilé-iṣẹ́ wà tó jẹ́ pé irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń ṣe jẹun.

Mo gbé tiwa sórí tábìlì ní pálọ̀. Ìyá àgbà wa, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó pọ́ńbélé, wọlé, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ta ló gbé agídìǹgbì wọ ilé mi?" Mo rẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n gbé e kúrò níbẹ̀. Ohun tó lé mi dé inú ìwé ìtàn nìyẹn.

Àgbá tí wọ́n wò ṣe tiwa wà nínú Victory, ọkọ̀ tí Nelson wà nígbà tó kú lójú ogun Trafalgar, lọ́jọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1805. Àgbá 104 ló wà nínú ọkọ̀ náà. 30 tó wúwo jù wà ní ìsàlẹ̀ pátá, ọta kọ̀ọ̀kan wọn sì wọn pọ́n-ùn 32, ìyẹn bíi kílò 14 ààbọ̀. Àgbá fúnra rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 9 ààbọ̀, ó sì wọn bíi kílò 2,800.

Ẹ̀yin ará Science, ẹ bá mi ṣírò díẹ̀. Ìnṣì 1 lára àwòṣe yìí dúró fún ìnṣì 24. Ẹ lè rò pé ìlọ́po 24 náà ló fi fúyẹ́. Rárá o. Gígùn rẹ̀ dín kù, ìbú rẹ̀ dín kù, gíga rẹ̀ náà dín kù: 24 lọ́nà 24 lọ́nà 24, ìyẹn 13,824. Kódà bó bá jẹ́ irin gidi ni wọ́n fi ṣe é, kílò 2,800 ọ̀hún á di gíráàmù 200 àti díẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè fi ṣeré. Ti gidi ńkọ́? Bí ọkùnrin 14 ló ń dúró tì í, pẹ̀lú ọmọdékùnrin kan tó ń sáré gbé ẹ̀tù wá. Bó bá dún, á fò sẹ́yìn, okùn ńlá ló ń dá a dúró. Aṣọ ni àwọn tó ń yìn ín fi ń di etí.

Ṣé ẹ rí i, gbogbo nǹkan ni wọ́n fi sára àwòṣe yìí, àfi ohùn.

Ohùn yẹn gan-an ni Èkó sì gbọ́. Ní 1845, Kòsọ́kọ́ lé Akítóyè kúrò lórí oyè. Akítóyè bẹ òyìnbó lọ́wẹ̀, ó ṣèlérí pé òun á fòpin sí òwò ẹrú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1851, ọkọ̀ òyìnbó wá, àwọn ará Èkó lé wọn padà. Lọ́jọ́ 26 oṣù kejìlá, wọ́n tún dé pẹ̀lú Bloodhound àti Teazer. Àgbá wọn kì í ṣe ti Victory gan-an, ọdún 46 ti kọjá, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni wọ́n: ẹnu ni wọ́n ṣì ń gbà ki ẹ̀tù àti ọta. Kòsọ́kọ́ náà ní àgbá létí omi, ó sì yìn ín dáadáa. Teazer tiẹ̀ rì mọ́ yanrìn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 28, ìlú ti jóná, Kòsọ́kọ́ ti gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú lọ. Ẹ̀pẹ́ ni òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ padà fìdí kalẹ̀ sí. Àwọn baba ńlá Màmá wà lára wọn.

Èmi ò ní tan yín, Kòsọ́kọ́ ń ta ẹrú, ìyẹn ò ṣeé fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ tí Èkó sọ ogun náà. Wọn ò fi orúkọ ọba pè é, wọn ò fi ti ọkọ̀ pè é. Ogun Ahóyaya ni wọ́n pè é, nítorí ó ń hó yaya bí omi orí iná. Àwọn mìíràn ní Ogun Agídìǹgbì, bí àgbá ṣe ń dún. Ohùn tí àwòṣe ò ní, orúkọ ló gbà á pamọ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1861, ọkọ̀ Prometheus dúró sí iwájú Èkó pẹ̀lú àgbá rẹ̀. Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè, fọwọ́ sí ìwé lọ́jọ́ 6, Èkó sì di ti òyìnbó. Wọn ò yìnbọn sí ìlú lọ́jọ́ náà. Kí ni wọ́n fẹ́ yìn ín fún? Ọdún mẹ́wàá péré ni, ohùn ti àkọ́kọ́ ṣì wà létí gbogbo èèyàn.

Nígbà tí mo padà délé, mo ní, "Màmá, ẹ ò tíì dáyé nígbà yẹn, báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?" Wọ́n ní, "Orúkọ ẹ̀ ni mo bá láyé."

Àgbá náà wà ní yàrá mi nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì báyìí. Mo lẹ bébà sí ìdí rẹ̀: ÈKÓ, 1851. Ẹni tó bá wá kí mi á gbé e, á ní, "Ó mà fúyẹ́ o." Èmi á ní kó jókòó ná. Ẹni tó yìnbọn lè gbàgbé. Ẹni tí wọ́n yìn ín sí kì í gbàgbé. Ẹ̀yin náà, bẹ́ ẹ bá délé lọ́lidé, ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè orúkọ ogun ìlú yín, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n ìdí tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.