Ópálì, Òkúta Olómi Inú

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí ópálì ti gbayì tó láyé ọjọ́un, kí ó gbọ́ ìtàn Nonius, ọmọ ìgbìmọ̀ Róòmù, ẹni tí òrùka ópálì rẹ̀ wọ Marcus Antonius, aláṣẹ Róòmù, lójú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tí a ó pa, tí Nonius sì fi ilé àti ọ̀nà sílẹ̀, tí ó na pápá bora, tí ó jẹ́ pé òrùka náà nìkan ṣoṣo ni ó mú dání. Pliny, òǹkọ̀wé Róòmù tí ó pa ìtàn náà, kò yìn ín. Ó ní ẹranko pàápàá a máa gé ohun tí ọdẹ ń tìtorí rẹ̀ lé e jù sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbé ópálì lé àtẹ́lẹwọ́ rí kò ní bá Nonius wí púpọ̀. Ẹ yí i díẹ̀ sí oòrùn: ibi tí ó pọ́n bí ẹ̀yinná ti di àwọ̀ ewé, ewé ti di aró, bí ẹni pé agẹmọ ni ó fi inú rẹ̀ ṣe ilé.

Ohun tí a fi dá yanrìn ni a fi dá ópálì, omi ni ó lé lórí, tí ó sábà máa ń tó ìdá 6 sí 10 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀. Ìdí nìyí tí alágbẹ̀dẹ wúrà tí ó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí iná rà á, kí omi inú rẹ̀ má baà gbẹ, kí ó má baà sán bí ojú amọ̀ lọ́gbẹlẹ̀. Ní 1964 ni àwọn onímọ̀ Ọsirélíà fi awò alágbára rí i pé àwọn hóró róbótóróbótó ni ó tò jọ nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọsàn lórí àtẹ ìyálọ́jà, tí ìlà 3,000 wọn kò gùn ju milimítà kan lọ. Àlàfo àárín wọn ni ó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ bí òṣùmàrè: hóró ńlá a máa mú pupa jáde, kékeré a mú aró, èyí tí a tò ní rúdurùdu kò ní àwọ̀ kankan tí yóò dán.

Ẹnu ayé kò yọ òkúta sílẹ̀. Nínú ìwé ìtàn àròsọ Walter Scott, *Anne of Geierstein*, tí ó jáde ní 1829, omi mímọ́ kán sórí ópálì obìnrin kan, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì kú. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pè é ní òkúta oríburúkú. Èmi kò rí ọgbọ́n tí ó wà nínú fífi omi pa ohun tí omi gbé ró. Ayaba Victoria kò tilẹ̀ ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ó fi ópálì ta àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́rẹ.

Ní 1915, ní aṣálẹ̀ gúúsù Ọsirélíà, wúrà ni bàbá Willie Hutchison ń wá kiri, omi ni ọmọ náà, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 14, wá lọ, ópálì ni ó bá bọ̀. Ibẹ̀ ni ó di ìlú Coober Pedy. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké: ooru ibẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn awakùsà fi gbẹ́ ilé sínú ilẹ̀, tí wọ́n ń sùn níbẹ̀, tí wọ́n sì ń jọ́sìn níbẹ̀, ẹni tí ó sì fẹ́ fi yàrá kan kún ilé rẹ̀ a máa wo ara ògiri dáadáa kí ó tó kó erùpẹ̀ dànù.