Ilé Ìwé Ọmọ Adití Kò Ju Olùkọ́ Inú Rẹ̀ Lọ

Ẹgbẹ́ aláàánú kan, Friends of the Deaf, ló ṣe akitiyan tí Ilé Ìwé Wesley fún Àwọn Adití, tó wà ní Sùúrùlérè lónìí, fi bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1958. Nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ títọ́ ọmọ adití ní láti ré òkun kọjá. Ilé ìwé ti dúró kí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́ rẹ̀ tó dé, àlàfo yẹn kò sì tíì dí. Èrò mi ni pé ẹ̀kọ́ àwọn tó ń tọ́ ọmọ adití ló yẹ kó gba ipò kìíní nínú ìnáwó wa, ìtàn fúnra rẹ̀ sì ni ẹ̀rí mi.

Wíwo ètè olùkọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ó nira gidigidi: ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ tí Yorùbá fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kì í hàn lára ètè, bí olùkọ́ bá sì ti kọjú sí pátákó, ọ̀rọ̀ ti bọ́ mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ adití, tó sì gboyè ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Gallaudet ní 1954, mú èdè ọwọ́ ti Amẹ́ríkà wá sí Nàìjíríà ní 1960, ó sì dá ilé ìwé sílẹ̀ ní Ìbàdàn, Enugu àti Kaduna. Iṣẹ́ rẹ̀ tó ga jù lójú mi ni pé ó tún kọ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ adití. Ní àwọn ọdún 1970, Fásitì Ìbàdàn dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe sílẹ̀. Ní 1977 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ àkànṣe ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́ báyìí bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ló yẹ ká kọ́kọ́ rà. Ẹ̀rọ wúlò lóòótọ́, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ ń kú, etí ọmọ sì ń dàgbà kúrò nínú ike tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ kò ní tètè mọ̀ pé ẹ̀rọ ti dákẹ́. Ní ìdà kejì, ìwádìí tí Dókítà Bọ́lájókò Olúsànyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2008 fi hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò, tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ etí, lè fi ẹ̀rọ kékeré yẹ etí ọmọ ọwọ́ wò níbi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára BCG ní Èkó, bí wọ́n bá ti kọ́ wọn. Ẹ̀kọ́ ló sọ ẹ̀rọ náà di ohun èlò.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé èdè ọwọ́ kò ní jẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀. Ọmọ Múṣin tó ń sọ Yorùbá nílé tó sì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì níléèwé kò pàdánù ọ̀kan nínú méjèèjì. Ewu gidi ni kí ọmọ lo ọdún mẹ́rin, márùn-ún láìní èdè kankan, nítorí ìgbà èwe ni ọpọlọ ń gba èdè jù.

Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 àti ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019 ti fún àwọn aláàbọ̀ ara ní ẹ̀tọ́; àwọn tí yóò mú un ṣẹ ló kù ká kọ́. Ilé ìwòsàn LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, Fásitì Èkó wà ní Akọkà, Wesley wà ní Sùúrùlérè. Wọn kò jìnnà síra wọn. Kí wọ́n pawọ́ pọ̀ kọ́ nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti òbí, kí àwọn adití tó ti dàgbà sì wà lára àwọn tí yóò máa kọ́ wọn, kí ìjọba sì máa san owó iṣẹ́ àwọn adití náà bó ti tọ́.