Ọ̀rọ̀ Náà “Àṣàrò” àti Ìtàn Rẹ̀

Ẹ̀yin ará, bí a bá dárúkọ “àṣàrò” nínú ìjọ lónìí, ìwé pẹlẹbẹ tí a ń kà ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí a tó jáde nílé ni ó ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa. Ó dùn wá pé ọ̀rọ̀ tí ó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ di orúkọ ìwé.

Lójú tiwa, ṣíṣà àti rírò ni ó pàdé nínú rẹ̀. Ṣíṣà yìí náà ni ó wà nínú “àṣàyàn” àti “àṣàjọ.” Ẹni tí ń ṣa ẹ̀wà kì í kánjú: a máa tẹ́ ẹ sínú atẹ, a máa fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò, a sì máa ju òkúta nù. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń ṣe àṣàrò ń ṣe sí ọ̀rọ̀. (Ẹni tí ó bá sì pè é bí oúnjẹ tí a fi iṣu sè, ebi ni ó ń pa á.)

Ní 1850 ni a tẹ Episteli sí àwọn ará Róòmù tí Samuel Ajayi Crowther túmọ̀. Odindi Bíbélì sì jáde ní 1884. Àwọn olùtúmọ̀ wọ̀nyí mọ èdè. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì 1611 ti kọ “ìrònú” nípa ọ̀la nínú Matteu 6, “àníyàn” ni wọ́n kọ, ó sì bá a mu ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. “Àṣàrò” ni wọ́n fi sí Joṣua 1:8 àti Orin Dáfídì kìn-ín-ní, àti sí ibi tí Isaaki gbé jáde lọ sí oko ní àṣálẹ́.

Síbẹ̀ ohun kan sọnù. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó wà nínú Joṣua àti nínú Orin Dáfídì náà, “hágà,” kì í ṣe ti ọkàn nìkan. Ó ní ohùn nínú. Òun ni Isaiah 31:4 lò fún kìnnìún tí ń kùn lórí ẹran ọdẹ rẹ̀, òun náà ni 38:14 lò fún ẹyẹ àdàbà. Àṣàrò tiwa dákẹ́. Hágà kò dákẹ́.

Ìyá kan wà tí a mọ̀ nígbà èwe wa, tí kò mọ lẹ́tà kan. Ọmọ rẹ̀ ni ó máa ń ka Orin Dáfídì fún un lálẹ́. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, tí ó jókòó ti ìkòkò aró, a máa kùn ún lẹ́nu, ẹsẹ kan ṣoṣo, títí di ọ̀sán. Àwa ọmọdé a máa fi í rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí a dé kọ́lẹ́jì, tí olùkọ́ wa ṣí ìwé Hébérù fún wa, ni a tó mọ ohun tí ìyá náà ń ṣe.