Galina Kulakova: Àmì Ẹ̀yẹ Kan Bọ́, Orúkọ Kò Bọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nínú ìtàn àwọn tó ń sá eré ìje lórí yìnyín ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, obìnrin kan wà tí òwe yìí bá mu rẹ́gí, nítorí pé ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì níṣojú gbogbo ayé. Ìṣubú àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹsẹ̀, nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú. Ìṣubú kejì jẹ́ ti orúkọ, nígbà tí ó ti di àgbà nínú iṣẹ́ náà. Orúkọ obìnrin náà ni Galina Kulakova. Àmì ẹ̀yẹ mẹ́jọ ni ó gbà ní ìdíje Òlíńpíìkì: wúrà mẹ́rin, fàdákà méjì àti idẹ méjì. Ṣùgbọ́n ìkẹsàn-án, èyí tí wọ́n gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀, ni ó kọ́ni lọ́gbọ́n jù.

Ọjọ́ 29, oṣù Igbe, ọdún 1942 ni wọ́n bí Kulakova ní abúlé Logachi, nítòsí ìlú Votkinsk, ní ilẹ̀ Udmurtia tí ó wà lápá ìwọ̀-oòrùn àwọn òkè Ural. Votkinsk yìí kan náà ni wọ́n ti bí Tchaikovsky, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká olórin, ní ọdún 1840. Ogun Àgbáyé Kejì ń jà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bí ọmọbìnrin náà. Bàbá rẹ̀ bógun lọ, ìyá rẹ̀ nìkan ni ó sì ṣẹ́ kù láti tọ́ àwọn ọmọ. Ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Sófíẹ́ẹ̀tì rí bẹ́ẹ̀ nígbà náà: àwọn ọkùnrin ò bọ̀ láti ojú ogun, àwọn obìnrin ló sì ń ro oko, tí wọ́n ń la igi, tí wọ́n ń pọn omi, tí wọ́n sì ń wá oúnjẹ òòjọ́.

Ní ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, yìnyín a máa bo ọ̀nà fún oṣù púpọ̀ lọ́dún. Ẹni tí yóò bá jáde nílé á so pákó méjì tó gùn, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà, á mú ọ̀pá méjì dání, á sì máa yọ̀ lọ. Pákó yìí ni à ń pè ní síkì. Fún ọmọ abúlé, ohun ìrìnnà ni síkì kí ó tó di ohun eré. Kulakova ti lé ní ọmọ ogún ọdún dáadáa kí orúkọ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn láàárín àwọn eléré ìje ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa dé ìdíje Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ rẹ̀, ó ti di ẹni ọdún 25.

Ó yẹ kí a mọ bí eré náà ṣe rí kí ìtàn rẹ̀ tó lè yé ni. Nínú eré síkì ọlọ́nà jíjìn, àwọn eléré kì í jọ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà nígbà ayé Kulakova. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tú wọn sílẹ̀, àlàfo ìdajì ìṣẹ́jú á sì wà láàárín ẹnì kan àti èkejì. Wọ́n á gun òkè, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á gba inú igbó kọjá, aago ni yóò sì sọ ẹni tó yára jù. Eléré kò rí ẹni tí ó ń bá díje. Ara rẹ̀ ni ó ń bá jà. Àwọn obìnrin kò tilẹ̀ láǹfààní láti sá eré yìí ní Òlíńpíìkì títí di ọdún 1952, nígbà tí wọ́n fi eré kìlómítà 10 lọ́lẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi kìlómítà 5 kún un, pẹ̀lú eré àjọsá, níbi tí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè kan ti ń sá tiwọn tẹ̀ lé ara wọn, tí ẹni tó bá sá tirẹ̀ tán á fọwọ́ kan ẹni tó kàn.

Ìlú Grenoble ní ilẹ̀ Faransé ni ìṣubú àkọ́kọ́ ti wáyé, ní ọdún 1968. Nínú eré kìlómítà 5, Kulakova ti ń léwájú, òpin eré sì ti sún mọ́ etílé kí ó tó ṣubú. Ó dìde, ó sá a parí, ṣùgbọ́n Toini Gustafsson, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, ti fi nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ṣáájú rẹ̀. Fàdákà ni ó kù fún un. Nínú eré àjọsá, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba idẹ lẹ́yìn Nọ́wè àti Swídìn. Ọ̀pọ̀ ìbá ti fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ṣe ohun ẹkún títí ayé. Iwájú ni Kulakova wò. Ní ọdún 1970, nígbà ìdíje àgbáyé ní orílẹ̀-èdè Czechoslovakia, eré kìlómítà 5 yẹn náà ni ó fi gba wúrà, ó sì tún gba òmíràn nínú eré àjọsá.

Ọdún 1972 ni ògo rẹ̀ tàn jákèjádò ayé. Ní Sapporo, ní ilẹ̀ Jàpáànù, eré mẹ́ta ni wọ́n là sílẹ̀ fún àwọn obìnrin, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sì gba wúrà rẹ̀. Nínú eré kìlómítà 5, ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ni ó fi gba iwájú Marjatta Kajosmaa ti ilẹ̀ Fínlándì. Nínú kìlómítà 10, ọmọ ilẹ̀ rẹ̀, Alevtina Olyunina, ni ó ṣe ìkejì. Nínú eré àjọsá, òun àti Olyunina àti Lyubov Mukhachyova ni wọ́n jọ gbé wúrà. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ti ṣe irú rẹ̀ rí, ìyẹn Klavdiya Boyarskikh, ọmọ Sófíẹ́ẹ̀tì bíi tirẹ̀, ní ọdún 1964. Ọdún méjì lẹ́yìn Sapporo, ní ìlú Falun ní Swídìn, Kulakova tún ko wúrà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìdíje àgbáyé. Bí ó ti ń ko àmì ẹ̀yẹ yìí jọ, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ń fi í yangàn. Nígbà náà, ìdíje eré ìdárayá jẹ́ ojú ogun mìíràn láàárín àwọn alágbára ayé, ẹsẹ̀ ọmọ opó láti Udmurtia sì ti di ohun ìjà ìjọba.

Ibi tí ògo gbé pọ̀ báyìí ni ìṣubú kejì ti wáyé. Ìlú Innsbruck ní ilẹ̀ Ọ́síríà ni ó gba àlejò Òlíńpíìkì ọdún 1976, wọ́n sì sá eré síkì ọlọ́nà jíjìn ní Seefeld. Ní ọjọ́ 7, oṣù Èrèlé, Kulakova, ẹni ọdún 33, ṣe ìkẹta nínú eré kìlómítà 5. Helena Takalo ti Fínlándì ni ó gba wúrà, Raisa Smetanina ti Sófíẹ́ẹ̀tì gba fàdákà. Lẹ́yìn eré, wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì bá efidríìnì nínú rẹ̀. Oògùn yìí wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn nítorí pé ó ń la imú tó dí. Ṣùgbọ́n ó tún máa ń mú kí ọkàn lù kíkankíkan, kí ara sì jí pépé, ìdí nìyẹn tí òfin eré ìdárayá fi kà á léèwọ̀. Àlàyé Kulakova ni pé oògùn tí wọ́n ń fín símú ni ó lò, àti pé inú rẹ̀ ni efidríìnì náà ti wá. Òfin kò gba àlàyé láti fi pa èèwọ̀ rẹ́. Wọ́n gba idẹ náà padà. Kulakova sì di ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí oògùn nínú ìtàn Òlíńpíìkì ìgbà òtútù.

Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ohun tí àwọn onídàájọ́ ṣe nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n wà. Àjọ tó ń darí eré síkì lágbàáyé àti ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì gba idẹ, ṣùgbọ́n wọn kò lé obìnrin náà lọ. Wọ́n jẹ́ kí ó sá àwọn eré tó kù.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun tó wọ́pọ̀ ni èyí. Ọdún mẹ́rin péré ṣáájú, ní Munich, ọmọdékùnrin òmùwẹ̀ kan láti Amẹ́ríkà, Rick DeMont, ẹni ọdún 16, ti gba wúrà nínú ìwẹ̀ mítà 400. Ikọ́ fée ń bá a jà, ó sì ti kọ orúkọ oògùn tó ń lò sínú ìwé tí wọ́n fún un. Àwọn aláṣẹ eré ìdárayá orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni kò jíṣẹ́ náà bí ó ti yẹ. Efidríìnì kan náà ni wọ́n bá lára rẹ̀. Wọ́n gba wúrà, wọn kò sì tún jẹ́ kí ó wẹ ìwẹ̀ mítà 1500 tó kù fún un. Oògùn kan náà ni, àbámọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ìdájọ́ kò dọ́gba. Òkan gba ìyà tó tó ẹ̀ṣẹ̀, èkejì gba ìyà tó ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ní ọjọ́ 10, oṣù Èrèlé, Kulakova so síkì mọ́ ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kìlómítà 10 ni eré ọjọ́ náà. Ipò kẹta ni ó tún ṣe, lẹ́yìn Smetanina àti Takalo. Idẹ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òsì, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gba òmíràn. Ní ọjọ́ 12, àwọn obìnrin sá eré àjọsá ẹlẹ́ni mẹ́rin fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn Òlíńpíìkì. Àwọn tó sá a fún Sófíẹ́ẹ̀tì ni Nina Baldycheva, Zinaida Amosova, Smetanina àti Kulakova. Ohun tó yẹ kí a fiyè sí ni pé Baldycheva yìí gan-an ni idẹ kìlómítà 5 tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Kulakova bọ́ sí lọ́wọ́. Ẹni tó pàdánù àti ẹni tó jèrè jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan, wọ́n jọ sáré, wọ́n sì jọ gba wúrà ṣáájú Fínlándì àti Jámánì Ìlà-Oòrùn. Bí ìlara bá ti wọ àárín wọn ni, ojú ọ̀nà yìnyín ni ìbá ti hàn.

Kulakova kò fi eré sílẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú Seefeld. Ní ọdún 1980, ní Lake Placid ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni ọdún 37 ni, ó sì ṣì wà nínú ẹgbẹ́ tó gba fàdákà nínú eré àjọsá. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, Udmurtia tí wọ́n ti bí i ni ó padà sí. Níbẹ̀, wọ́n ń ṣe ìdíje síkì ní orúkọ rẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá síkì ńlá tó wà ní ìlú Izhevsk.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni ó jẹ́ kí ìtàn rẹ̀ túbọ̀ níye lórí. Ní ọdún 1997, ní Trondheim, wọ́n gba wúrà ìdíje àgbáyé lọ́wọ́ Lyubov Yegorova, ẹni tó ti gba wúrà Òlíńpíìkì mẹ́fà, nítorí oògùn bromantane. Ní ọdún 2002, ní Salt Lake City, Larisa Lazutina, akọni Nagano, kọ́kọ́ dé òpin eré kìlómítà 30, ṣùgbọ́n oògùn tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di púpọ̀ ni wọ́n bá lára rẹ̀. Èyí kì í ṣe oògùn ọ̀fìnkìn. Ìyà rẹ̀ kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó lò ó: Beckie Scott ti Kánádà, tó ṣe ìkẹta nínú eré mìíràn tí Lazutina ti gba fàdákà, dúró ju ọdún méjì lọ kí wúrà tí í ṣe ẹ̀tọ́ rẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun; ṣùgbọ́n ẹni tí ọjọ́ tirẹ̀ bá pẹ́ kó tó dé ti pàdánù ohun tí wúrà kò lè rà padà.

Lẹ́yìn ìdíje Sochi ti ọdún 2014, ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan, ó di ti ìjọba. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan Rọ́ṣíà pé àwọn aláṣẹ rẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n ń pa ìtọ̀ àwọn eléré dà. Alexander Legkov, tó gba wúrà kìlómítà 50, pàdánù rẹ̀ ní ọdún 2017. Ní ọdún 2018, ilé ẹjọ́ eré ìdárayá dá a padà fún un nítorí pé ẹ̀rí kò tó. Síbẹ̀, wọn kò jẹ́ kí ó kópa ní Òlíńpíìkì ọdún náà. Bí ìjọba bá ti ba kànga jẹ́, ẹni tí kò fọwọ́ kan kànga náà kò lè rí omi tó mọ́ mu.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọdún 1976 kò fi yẹ ní ìgbàgbé. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó sì ń fi ìyà olè jẹ ẹni tó ṣèèṣì kò sàn ju òṣìkà lọ. Ní Seefeld, wọ́n gba ohun tí òfin ní kí wọ́n gbà, wọ́n sì fi ohun tí òfin kò béèrè sílẹ̀ fún un: ààyè láti tún sáré níṣojú gbogbo ènìyàn. Òun náà kò fi ààyè náà ṣòfò. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, ó sì sàn ju idẹ lọ pẹ̀lú. Idẹ tí Galina Kulakova pàdánù ní ọjọ́ 7 kò padà sọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó fi tún orúkọ rẹ̀ ṣe, kí oṣù Èrèlé náà tó dé ìdajì.