Ààlà Ìwọ̀n Fáìlì Lórí Sáfà

Ààlà ìwọ̀n fáìlì ni iye báìtì tí fáìlì kan ṣoṣo kò lè kọjá lórí sáfà, bí àyè tilẹ̀ ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ lórí dísìkì. Ẹ̀dà ìpamọ́ dátábéèsì lè dúró gbagidi ní GB 4 lóru, kí alábòójútó wo dísìkì láàárọ̀, kó bá ìdajì rẹ̀ ní òfìfo.

Ọ̀rọ̀ tí sáfà kọ sílẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ kà, nítorí Linux máa ń sọ ohun tó ń ṣe é. Bó bá kọ “No space left on device”, dísìkì ló kún, tàbí kó jẹ́ pé inode, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí fáìlì kọ̀ọ̀kan ń lò lórí dísìkì, ló tán. Àṣẹ df -h àti df -i yóò sọ èyí tó jẹ́. “Disk quota exceeded” jẹ mọ́ ìpín tí wọ́n bù fún aṣàmúlò. “File too large” ló kan ìwọ̀n fáìlì gan-an, pípa fáìlì àtijọ́ rẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́ kò sì ràn án.

Àṣẹ df -T ló ń fi irú ètò fáìlì tó wà lórí dísìkì hàn. FAT32, tó wọ́pọ̀ lórí dísìkì àgbéká, ń fi bíìtì 32 péré kọ ìwọ̀n fáìlì, ìdí nìyẹn tí fáìlì rẹ̀ kò fi lè ju báìtì 4,294,967,295 lọ, ìyẹn GB 4 ó dín báìtì kan. Ext3 gba TB 2 bí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ bá jẹ́ KB 4. Bó bá jẹ́ KB 1, GB 16 ni ó mọ. Ext4, tó di ara Linux 2.6.28 lọ́dún 2008, gba TB 16, XFS sì kọjá bẹ́ẹ̀ fíìfíì.

Bí ètò fáìlì kò bá jẹ̀bi, ó kan àṣẹ ulimit -f, tó ń fi ààlà ìwọ̀n fáìlì tí wọ́n fi sí aṣàmúlò hàn. Bí èsì rẹ̀ kò bá jẹ́ “unlimited”, ẹnìkan ti fi ààlà sí i, kernel yóò sì fi àmì SIGXFSZ dá ètò tó bá kọjá rẹ̀ dúró. Ìlà fsize nínú /etc/security/limits.conf ni wọ́n ń tún ṣe, kí aṣàmúlò tó jáde, kó tún wọlé. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: iṣẹ́ tí systemd, ètò tó ń bójú tó àwọn iṣẹ́ lórí Linux, bá gbé dìde kì í ka fáìlì yẹn rárá. LimitFSIZE nínú fáìlì iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń gbọ́. Ètò àtijọ́ tó dúró ní báìtì 2,147,483,647 ní tirẹ̀ nílò kí wọ́n tún un kọ́ pẹ̀lú _FILE_OFFSET_BITS=64.

Àṣẹ truncate -s 5G ń dán ààlà wò lórí ext4 tàbí XFS láìjẹ àyè dísìkì. Bó bá jẹ́ FAT32 ló fa wàhálà, títún dísìkì ṣe sí ext4 ni ojútùú, ṣùgbọ́n yóò pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́, nítorí náà kíkó wọn kúrò ló ṣáájú. Níbi tí èyí kò bá ti ṣeé ṣe, split -b 3G yóò gé fáìlì náà sí wẹ́wẹ́, cat yóò sì so ó pọ̀ padà.