Ìtàn IbNG: Orúkọ Ìbàdàn Lára Kòkòrò HIV

Bí olùkọ́ bá ń ṣàlàyé àrùn éèdì fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Òmù-Àrán tàbí Èsìẹ́, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi béèrè ibi tí kòkòrò HIV ti wá. Orúkọ kan wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ tí ó lè ṣi ìdáhùn náà lọ́nà: IbNG. Ìbàdàn ni Ib, Nàìjíríà ni NG. Ṣé Ìbàdàn ni a ti bí kòkòrò náà ni?

Ní ọdún 1994, Howard, Olaleye àti Rasheed tẹ ìwádìí jáde lórí HIV kan tí a rí ní Nàìjíríà. Apá tí ó ń pàṣẹ bí púrótéènì gp120 yóò ṣe rí ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí pé gp120 ni ó wà ní òde ara kòkòrò náà. Láti ọdún 1984 ni a ti mọ̀ pé CD4, tí ó wà lára sẹ́ẹ̀lì tí ń dáàbò bo ara, ni kòkòrò náà ń dì mọ́. Ní 1996 ó hàn pé CD4 nìkan kò tó: gp120 tún gbọ́dọ̀ di CCR5 tàbí CXCR4 mú, kí gp41 tó so awọ kòkòrò pọ̀ mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì tí ó ti kó àrùn náà a sì máa gbé púrótéènì wọ̀nyí sí ara tirẹ̀. Bí ó bá kan sẹ́ẹ̀lì mìíràn tí ó ní CD4, méjèèjì a lẹ̀ mọ́ra, kòkòrò a sì gba ibẹ̀ kọjá. Ìwádìí kan fi èyí hàn kedere ní 2004. Ẹni tí ó bá rò pé ṣe ni kòkòrò náà kàn ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ kò tí ì mọ ìdajì ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yà A ni wọ́n pe IbNG. Nígbà tí a ka odidi apilẹ̀ àbùdá rẹ̀ ní 1996, orúkọ náà kò yí padà. N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí pé a kò tí ì tẹ odidi ẹ̀yà G jáde tí wọn ìbá fi wé e. Ní 1998 ni Carr àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ G jáde, tí wọ́n sì fi hàn pé àdàlù A àti G ni IbNG. Aṣọ òde rẹ̀ jẹ́ ti A lóòótọ́. Inú ni G fara pamọ́ sí. Àdàlù yìí ni à ń pè ní CRF02_AG, ó sì wọ́pọ̀ púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Orúkọ ibi tí a ti rí i ni Ìbàdàn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé ère òkúta Èsìẹ́, tí àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Nínú ìwádìí 1998 kan náà, Carr rí àdàlù A àti G yìí lára kòkòrò tí a gbà ní Djibouti, ní ìkángun kejì Áfíríkà.