Ohun Tí Òkùnkùn Fi Han Baade

Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gun orí òrùlé pẹlẹbẹ ilé wa ní Surulere. Awò awọ̀nàjínjìn olójú méjì tí mo rà ní pọ́ọ́kú wà lọ́rùn mi. Andromeda là ń wá, àgbájọ ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń rìn fún bíi mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ọdún kó tó dé ojú wa. Áàpù orí fóònù mi ní apá àríwá ló wà. A wò títí, ìkùukùu la rí. Kì í sì í ṣe ìkùukùu dúdú bíi ti abúlé o. Pupa rẹ́súrẹ́sú ni, torí iná ṣọ́ọ̀bù, iná títì àti iná ilé epo ń lu ú láti ìsàlẹ̀. Níbi tó ti ya díẹ̀, ìràwọ̀ mẹ́rin péré la rí kà.

"Ọ́ńkù, ṣé àwọn ìràwọ̀ ti kó kúrò l'Ékòó ni?"

Ìbéèrè yẹn ló rán mi létí Walter Baade.

Ọmọ Jámánì ni Baade. Ní 1931 ló dé ilé ìwòràwọ̀ Mount Wilson, lórí òkè tó kọjú sí Los Angeles ní Amẹ́ríkà. Awò ńlá kan wà níbẹ̀ tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 2.5. Awò yẹn ni Edwin Hubble fi ya fọ́tò Andromeda ní 1923, tó fi wá hàn pé ó jìnnà kọjá àgbájọ ìràwọ̀ tiwa. Ṣùgbọ́n àárín gbùngbùn Andromeda ò yé ẹnikẹ́ni. Bí èéfín ló ń rí nínú fọ́tò, kò sẹ́ni tó lè ya ìràwọ̀ kan sọ́tọ̀ níbẹ̀.

Ní ìparí 1941, Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kejì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìràwọ̀ lọ ṣiṣẹ́ ogun. Baade ò lè bá wọn lọ, ọmọ ìlú ọ̀tá ni lójú òfin. Awò ńlá wá ráyè fún un. Nítorí ìbẹ̀rù àwọn ará Japan, wọ́n tún ń dín iná Los Angeles kù lálẹ́. Ìlú ṣú. Ní 1943, Baade lo dígí fọ́tò tó ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa, ó fi sùúrù dúró ti awò náà, èéfín yẹn sì tú ká, ó di ìràwọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé ọ̀wọ́ méjì ni ìràwọ̀: àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ búlúù àti àwọn àgbà pupa. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1944. Ní 1952, ó kéde ní Róòmù pé Andromeda jìnnà tó ìlọ́po méjì iye tí wọ́n ti ń kà tẹ́lẹ̀.

Ogun parí, iná padà sí ìlú. Ní January 17, 1994, ilẹ̀ mì tìtì ní agbègbè Los Angeles kan náà kí ilẹ̀ tó mọ́, iná sì lọ. Àwọn èèyàn sá jáde, wọ́n gbójú sókè. Ẹ ò ní gbàgbọ́: àwọn kan pe ilé ìwòràwọ̀ Griffith láti bèèrè ohun tó ṣe ojú ọ̀run. Kò ṣe nǹkan kan. Ìràwọ̀ ni wọ́n rí.

Kóòdù ni mò ń kọ jẹun, mo sì mọ̀ pé bí ariwo bá pọ̀ lórí ìlà, kò túmọ̀ sí pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti dákẹ́. Àgùàlà tí àwọn àgbà ní ó ń bá oṣù rìn ṣì ń yọ l'Ékòó, torí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lágbára. Àwọn kéékèèké ni iná wa ń bò.

Ní bí aago mẹ́sàn-án, wọ́n mú iná lọ. Gbogbo àdúgbò pariwo, "Áà!" Ìkùukùu dúdú lójijì. Níbi tó ti ya, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí kà, ó kà dé mẹ́tàdínlógún kí jẹnẹrétọ̀ àkọ́kọ́ tó dún. A ò rí Andromeda.

Mi ò gbàdúrà kí iná máa lọ o. Ogun ló mú Los Angeles ṣú, àìtó iná ló ń mú tiwa ṣú, kò sí èyí tó dáa nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n iná tó dojú kọlẹ̀ ṣì ń fi ọ̀nà hàn wá, kò sì ní bo ojú ọ̀run tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo yí iná ẹ̀yìnkùlé wa dojú kọlẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bi mí báyìí pé ìgbà wo ni wọ́n tún máa mú iná lọ.